So Far So Good ti Bryan Adams: ṣé ọ̀lẹ ló ń ra àkójọ orin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Bryan Adams dáadáa ni. Orin bíi mẹ́ta péré ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn orin ìfẹ́ jẹ́jẹ́ tí rédíò máa ń fi sí i lálẹ́. Mo wá fẹ́ ra síídì rẹ̀ kan, èyí tí n ó gbé lọ́wọ́, tí n ó máa ka ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kí n ra So Far So Good, àkójọ àwọn orin rẹ̀ tó gbòde, tó jáde ní 1993. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀lẹ ló ń ra àkójọ, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ olórin, àwo tí olórin jókòó ṣe ni kó rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣà jọ. Ó ní Reckless ni kí n rà. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ra méjèèjì, owó ọwọ́ mi ò tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Àbúrò, ra So Far So Good. Ìdáhùn ti parí, ẹni tó bá fẹ́ sùn lè máa lọ sùn. Ẹ̀yin tó kù, ẹ jẹ́ ká jà á dáadáa.

Ọ̀rẹ́ rẹ ò ṣìsọ o. Ohun tó sọ yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo tilẹ̀ ti fi pariwo mọ́ ẹlòmíràn. Àkójọ dà bí ìgbà tí èèyàn bá fa ojú ewé ya nínú ìwé bíi márùn-ún, tó dì wọ́n pọ̀, tó wá ní kí o jókòó ka ìtàn. Ọ̀pọ̀ olórin ló wà tí n ó ti sọ fún ọ pé má sún mọ́ àkójọ wọn. Àmọ́ kí a tó dájọ́ ti Adams, ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mú bébà àti bírò, mo kà á.

Orin 14 ni. Mẹ́ta wá láti inú Cuts Like a Knife ti 1983. Ẹyọ kan ṣoṣo wá láti inú Into the Fire ti 1987. Mẹ́ta wá láti inú Waking Up the Neighbours ti 1991. Ọ̀kan jẹ́ tuntun nígbà náà, ìyẹn Please Forgive Me, òun ni wọ́n fi kádìí. Ó di mẹ́jọ. Mẹ́fà tó kù, inú Reckless ti 1984 ni gbogbo wọn ti wá. Reckless ọ̀hún, orin mẹ́wàá péré ló wà nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó ra So Far So Good ti gbé ju ìdajì Reckless lọ sílé láìmọ̀. Tó bá tún wá ra Reckless lé e, orin mẹ́rin péré ló sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìjà "àkójọ àbí àwo gidi" kò kan ọ̀ràn yìí tó bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe rò. Ohun tó yẹ kí o máa bèèrè ni èwo lo máa rà tẹ̀ lé e nígbà tí owó bá tún dé. Mo ní èsì fún ìyẹn, ṣùgbọ́n yóò bí àwọn kan nínú níbí, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ná.

* * *

One Night Love Affair. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí ẹnìkan máa dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jàre. Orin mẹ́fà láti inú Reckless ló wọ àárín 15 àkọ́kọ́ lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà: Run to You, Somebody, Heaven, Summer of '69, One Night Love Affair, àti It's Only Love tí òun àti Tina Turner jọ kọ. Márùn-ún nínú wọn wọ inú àkójọ. One Night Love Affair, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣílẹ̀kùn Reckless, ni wọ́n pa tì. Wọ́n wá mú Kids Wanna Rock, tí kò sí lára mẹ́fà yẹn rárá, wọ́n fi sí ipò 12.

Àlàyé tí mo máa ń gbọ́ ni pé orin orí ìtàgé ni Kids Wanna Rock, pé àwọn tó bá ti wo Adams lójúkojú mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń gbọ́ rédíò lọ. Ó ṣeé ṣe. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Ẹ ka àwọn orin jẹ́jẹ́ inú àkójọ náà: Straight from the Heart, Do I Have to Say the Words?, Heaven, Everything I Do, Please Forgive Me. Márùn-ún nínú 14! Nígbà tí o bá ti gbọ́ Heaven, tí o gbọ́ Everything I Do, ara rẹ ti ń wá ẹni tí yóò fọ́ nǹkan. One Night Love Affair ò lè fọ́ nǹkan kan, orin tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ ni. Kids Wanna Rock lè fọ́ ilé. Tí èmi bá ni mo ń tò ó, bóyá n ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà, n ó sì ní kí ẹ má bi mí.

Èyí tí mi ò lè dárí jì ni Thought I'd Died and Gone to Heaven. Wọ́n mú orin mẹ́ta péré nínú 15 tó wà nínú Waking Up the Neighbours, wọ́n wá fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń wá All for Love, tí òun, Rod Stewart àti Sting jọ kọ fún fíìmù The Three Musketeers, ẹ má wá a níbẹ̀. Ìparí 1993 kan náà ni òun náà jáde, kò wọlé. Àwo méjèèjì tó kọ́kọ́ ṣe, ti 1980 àti 1981, kò sí orin kankan láti inú wọn. Ọ̀rọ̀ tiwọn ò le. Ọ̀dọ́ tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ A&M fún dọ́là kan ṣoṣo ló ń wá ohùn ara rẹ̀ nínú wọn.

* * *

Ẹnìkan ní àkójọ kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ nítorí pé àkójọ ni àwo tó tà jù ní Amẹ́ríkà. Their Greatest Hits ti Eagles ló ń sọ, èyí tí RIAA, àjọ tó ń fi góòlù àti platinum jíǹkí àwo níbẹ̀, kà sí mílíọ̀nù 38 ní 2018.

Rárá o. Ọjà tó yá kì í ṣe ẹ̀rí pé ọjà náà dára. Àwo Eagles yẹn gan-an, February 1976 ló jáde, Hotel California ò tíì dé, December ọdún náà ni wọ́n gbé e síta. Ẹni tó bá fi àkójọ yẹn nìkan mọ Eagles ò tíì pàdé orin wọn tí gbogbo ayé mọ̀ jù. Kí ni mílíọ̀nù 38 wá fẹ́ sọ fún wa níbẹ̀?

Mo tún máa ti ọ̀rẹ́ ẹni tó bèèrè lẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1974, Greatest Hits ti Elton John jáde. Ẹni tó rà á ní Amẹ́ríkà bá Bennie and the Jets nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò bá a, Candle in the Wind ló bá. Orúkọ kan náà, olórin kan náà, ọdún kan náà, ṣùgbọ́n kálukú pẹ̀lú ohun tí ọjà tirẹ̀ fẹ́. Ní 1985, nígbà tí ti Billy Joel dé ní àwo méjì, wọ́n ti gé Just the Way You Are kúrú. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí látinú The Stranger, àwo tí orin náà ti kọ́kọ́ jáde, ò ní mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan kan. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí inú àwọn tó fẹ́ràn àwo gidi máa ru, wọn ò sì jẹ̀bi.

Nítorí náà, àbúrò, nígbà tí o bá gbé síídì náà lọ́wọ́, yí i padà kí o wo ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Everything I Do. Nínú Waking Up the Neighbours, orin náà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà ààbọ̀ lọ díẹ̀. Èyí tí wọ́n gé fún rédíò kò tó bẹ́ẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Bí o bá rí mẹ́fà, odindi lo rà. Ibi tí gìtá ti ń ké lẹ́yìn tí ohùn ti dákẹ́ wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú orin tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ sú.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí bí wọ́n ṣe to àwọn orin náà, torí ìjà ibẹ̀ ti pẹ́.

Wọn ò tò ó bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ọdún. Summer of '69 ti 1984 ló ṣáájú, wọ́n padà sí 1983 fún Straight from the Heart, wọ́n tún lọ sí 1984 bá Tina Turner, wọ́n wá fò sí 1991. Àwọn kan ní rúdurùdu ni, pé bí èèyàn bá ń to ìtàn ayé olórin, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí olórin ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn tẹ́lẹ̀. Mo gbà débi pé mo tún un tò fúnra mi.

Kásẹ́ẹ̀tì ni nígbà náà. Mo ní ẹ̀rọ oníhò méjì, mo ra tẹ́ẹ̀pù òfìfo kan, mo kọ ìṣẹ́jú orin kọ̀ọ̀kan sórí páálí sìgá tí ẹnìkan jù sílẹ̀, mo ń rò wọ́n pọ̀ kí ojú kìíní má baà tán láàárín orin. Ẹ ò lè mọ ìyà yẹn tí ẹ ò bá jẹ ẹ́ rí: ìka kan lórí ìdádúró, ìka kan lórí ìgbàsílẹ̀, o ń retí ìgbà tí orin yóò dákẹ́ tán kí èyí tó kàn tó gbẹ́nu sókè. Bí o bá yára jù, o ti gé ìrù orin. Bí o bá pẹ́ jù, Bryan Adams á ti fa èémí orin mìíràn wọlé. Nígbà tí tẹ́ẹ̀pù bá lọ́, pẹ́ńsùlù ni mo fi ń yí i padà. Ó gbà mí ní odindi ọ̀sán kan.

Mo wá gbọ́ ọ. Ojú kìíní dùn bí ẹní ń sáré. Orin mẹ́ta ti 1983, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Reckless gba ilé. Ojú kejì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ló sùn lọ. Ohun tó fà á ni pé bí o bá to Adams bí ọdún ṣe ń lọ, ìparí rẹ̀ ni Do I Have to Say the Words?, Everything I Do àti Please Forgive Me tẹ̀ lé ara wọn. Orin ìfẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń fa ara wọn lọ́wọ́ lọ síbi tí iná ti kú. Mo ti ń sùn kí kẹta tó parí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó to àwo yẹn mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó tún fi nǹkan kan hàn mí tí n kì bá má mọ̀. Ẹ gbọ́ orin kẹta, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹ jẹ́ kó wọ inú ìkẹrin. Ìkẹta ni It's Only Love, tí Adams àti Bob Clearmountain jọ darí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀. Ìlù ibẹ̀ dà bíi pé wọ́n ń lù ú nínú yàrá tí o jókòó sí, gìtá gbẹ, Tina Turner wọlé, ó kù díẹ̀ kí ó lé onílé jáde nínú orin rẹ̀. Ìkẹrin ni Can't Stop This Thing We Started, tí òun àti Robert John "Mutt" Lange ṣe lẹ́yìn ọdún méje. Lójijì, ilé ti di ààfin. Ègbè ti di odi, ohùn lórí ohùn lórí ohùn, ìró kọ̀ọ̀kan ti gba àyè tirẹ̀, kò sí èyí tó ń ta kọ sí èkejì. Ẹni kan náà ló ń kọrin. Tí o bá ra Reckless nìkan, ìyàtọ̀ yẹn ò ní han sí ọ.

* * *

Ẹni tó ń bèèrè báwo ni Adams ṣe ní ẹgbẹ́ olórin ní 1969, bí ó ṣe ń kọ ọ́ nínú Summer of '69: kò ní. 5 November 1959 ni wọ́n bí i, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìgbà ooru yẹn. Òun àti Jim Vallance, ẹni tó ń bá a kọ orin sílẹ̀, ló jọ kọ Summer of '69, 1952 ni wọ́n sì bí Vallance, ọjọ́ orí tirẹ̀ ló bá ìtàn inú orin náà mu. Adams fúnra rẹ̀ ti sọ pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ti ọdún. Ohun tó ní ó jẹ́, àwọn ọmọdé ń ka ibí yìí, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ká padà síbi ọ̀rọ̀ wa.

* * *

Kí a tó padà tán: ẹnìkan ní ṣé lóòótọ́ ni Kánádà sọ pé Bryan Adams kì í ṣe ọmọ Kánádà?

Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Kingston ní Ontario ni wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Àjọ CRTC tó ń rí sí rédíò níbẹ̀ ló ní òfin pé kí ilé iṣẹ́ rédíò máa lo iye kan orin Kánádà. Kí orin tó lè jẹ́ ti Kánádà, ó ní láti pegedé ní méjì nínú nǹkan mẹ́rin: ẹni tó ṣe ohùn orin, ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu, ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Waking Up the Neighbours dé, Adams àti Lange ló jọ kọ ohùn àti ọ̀rọ̀, Lange sì kì í ṣe ọmọ Kánádà. Òkè òkun ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu tó kọ ọ́ nìkan ló kù tó jẹ́ ti Kánádà. Ó já.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Ọdún yẹn náà ni Everything I Do jókòó sí ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ 16 láìdìde, ilé sì ní kì í ṣe ọmọ àwọn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Adams pariwo, àwọn kan pariwo padà, nígbẹ̀yìn wọ́n tún òfin náà ṣe kí ọmọ Kánádà tó bá bá àlejò kọ orin lè gba ìpín tirẹ̀.

Ó kan àkójọ wa yìí nítorí pé Please Forgive Me, orin tuntun inú rẹ̀, òun àti Lange náà ló kọ ọ́. Ariwo yẹn ò mú kó yí ọwọ́ padà.

* * *

Ó dáa, orin tuntun. Àwọn tó ń pe ìyẹn ní ìwọ̀ tí wọ́n fi ìdin sí, mo gbọ́ yín.

Ẹjọ́ yín ni pé ẹni tó ti ra gbogbo àwo Adams láti 1983 ti ní orin 13 nílé. Fún ẹyọ kan tó kù, ó ní láti ra odindi. Adams nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kan náà, November 1993, ni ti Tom Petty and the Heartbreakers jáde, òun náà fi Mary Jane's Last Dance sí i, ó tún fi orin olórin mìíràn kan tí wọ́n tún kọ lé e. Billy Joel ti fi méjì sínú tirẹ̀ ní 1985. Àṣà ilé iṣẹ́ àwo ni.

Mo wà lára àwọn tí wọ́n fi ìwọ̀ yẹn mú, nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Please Forgive Me jáde lọ́tọ̀ pẹ̀lú, ó dé ipò kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ìkeje ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní sùúrù lè ra òun nìkan. Èmi ni kò ní sùúrù, n kì í fi ìyẹn di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí.

Ìyà tó tọ́ sí mi sì jẹ mí. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ rà, àdàkọ ni, n kò mọ̀. Ẹni tó dà á kọ fi tẹ́ẹ̀pù tí kò gùn tó dà á. Please Forgive Me bẹ̀rẹ̀, dùrù wọlé, ìlù balẹ̀, Adams ti ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ó di "tà!", tẹ́ẹ̀pù tán. Fún ọdún mélòó kan, mo rò pé bí orin náà ṣe parí nìyẹn. Mo tilẹ̀ máa ń yìn ín fún àwọn èèyàn: ẹ wo olórin tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ìgbà tí mo ra síídì ni mo gbọ́ ìyókù. Kí n má parọ́, tèmi dára jù.

* * *

Àwọn ìbéèrè kéékèèké tí ẹ bi mí, kíákíá.

Have You Ever Really Loved a Woman? kò sí nínú rẹ̀, 1995 ló jáde. When You're Gone tí òun àti Melanie C kọ náà kò sí, 1998 ni ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ irú àwọn wọ̀nyí lo ń wá, The Best of Me ti 1999 ni kí o lọ bá.

Ẹni tó ní kí ló dé tí kò fi ra Anthology ti 2005 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó parí? Síídì méjì ni. Fún ẹni tó mọ orin mẹ́ta, ìyẹn ti pọ̀ jù. Wọn ò kí i káàbọ̀, wọ́n kó ẹrù lé e lórí ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ Adams fún ọdún mẹ́wàá ni yóò gbádùn Anthology.

Ẹ ṣọ́ra fún Classic. Ní 2022, Adams padà lọ tún àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ kọ, ó gbé wọn jáde lábẹ́ orúkọ yẹn. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, ó fẹ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni, Taylor Swift náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n bí o bá ń wá Run to You lórí fóònù, o lè bọ́ sórí ti 2022 láìmọ̀. Wo ọdún tó wà lábẹ́ orin náà. Bí o bá fẹ́ lo etí, gbọ́ ohùn: ti 1984 dà bí ẹni tó sáré gun àkàsọ̀ dé, èémí ṣì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ti 2022 ti jókòó.

Àwọn tó ní Heaven tí àwọn mọ̀ ń sáré ju èyí lọ, ti DJ Sammy, ẹni tó sọ ọ́ di orin ijó, lẹ ń rántí. Ti Adams ló ṣáájú. Inú fíìmù kan ló ti kọ́kọ́ hàn ní 1983, kó tó wọ Reckless, kó tó dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1985.

* * *

Ó wá ku èyí tí mo ní yóò bí àwọn kan nínú. Kí ló yẹ kí o rà tẹ̀ lé So Far So Good?

Into the Fire.

Mo mọ̀, mo mọ̀. Kò tà tó Reckless, kò sì súnmọ́ ọn. Reckless ni àwo olórin Kánádà àkọ́kọ́ tó ta mílíọ̀nù kan nílé wọn, kí ni Into the Fire fẹ́ fi bá a dọ́gba? Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní ó le, ó ṣókùnkùn, pé Adams fẹ́ dà bí àgbà lójijì. Orin kan wà níbẹ̀ lórí ogun àgbáyé kìíní, òmíràn wà lórí àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé ara rẹ̀ ní West Vancouver ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òun àti Vallance pínyà fún ọdún púpọ̀, Lange sì dé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o rà á. Nínú orin 14 So Far So Good, Heat of the Night nìkan ló ti ibẹ̀ wá, wọ́n fi sí ipò 13, ibi tí èèyàn ti ń dìde lọ ṣe nǹkan mìíràn. Àkójọ náà ti fún ọ ní Reckless tán, ó ti fi Waking Up the Neighbours tọ́ ọ lẹ́nu wò, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi Into the Fire pa mọ́ fún ọ. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ ni mo máa ń fẹ́ rí. Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà kẹrin, mo ń fọ aṣọ lọ́wọ́, orin kan mú mi, ọṣẹ gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹni tó kọ ọ́ pé "ọṣẹ lẹ̀gbọ́n gbọ́, wọn ò gbọ́ orin", mo rí ọ o.

* * *

Ẹni tó bèèrè ti padà wá. Ó ní òun ti ra So Far So Good, àlòkù, páálí rẹ̀ ti ya létí, ṣùgbọ́n síídì ò ní àpá. Ó ní òun wo ẹ̀yìn rẹ̀, Everything I Do ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, inú òun dùn. Ó ní òun ti gbọ́ ọ yípo ẹ̀ẹ̀mẹrin, èyí tí òun fẹ́ràn jù kì í ṣe ìkankan nínú mẹ́ta tí òun mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orin kẹfà ni, This Time. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ṣì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbúrò, inú Cuts Like a Knife ni This Time wà. Bá mi bi ọ̀rẹ́ rẹ pé ibo ló wà nínú Reckless.